ÌRÍSÍ KỌ́ NI ÌBÁTAN: Ẹ̀KỌ́ LÁRA ẸYẸ KÉKERÉ TÍ Ń MU OYIN ÒDÒDÓ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi léèrè kò bá mọ ọ̀nà, tí ojú sì ń tì í láti sọ pé òun kò mọ̀, òun àti abèèrè ni yóò jọ ṣìnà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi tí mò ń kọ ìwé yìí nìyẹn, òun ni ó sì bí àpilẹ̀kọ yìí.

Òdòdó pupa kan wà ní ọgbà iléèwé wa ní Ládìpọ̀ níbí, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní hibiscus. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ kékeré kan fò wá síbẹ̀. Díẹ̀ ni ó fi tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí ewé tí a fi òróró pa, àyà rẹ̀ pupa, àgógó ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ díẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí ó ká. Ó ki ẹnu bọ inú òdòdó náà, ó ń mu oyin ibẹ̀. Àwọn ọmọ pariwo pé, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyẹ wo nìyí?" Mo ti rí àwòrán ẹyẹ kan tí ó jọ ọ́ rí nínú ìwé Òyìnbó. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo dáhùn pé hummingbird ni, mo sì kọ ọ́ sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì ni ó dà á kọ.

Kò pẹ́ tí bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà fi wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Pààtì ọkọ̀ ni ó ń tà ní ọjà Ládìpọ̀. Ó mú ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń lò ní iléèwé òwúrọ̀ lọ́wọ́, níbi tí ọmọ náà ti kọ ọ́ pé hummingbird wà ní Ládìpọ̀. Tíṣà rẹ̀ ti fi bírò pupa fa igi lé e, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kò sí ẹyẹ náà ní Áfíríkà. Bàbá náà ní, "Àáfà, ẹ má bínú o. Mi ò bá tìjà wá. Ọmọ yìí ń sunkún, ó ní Àáfà òun kò lè parọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo sọ fún un pé n kò mọ̀, mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá ìwé kà, mo sì bi àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹyẹ léèrè. Ohun tí mo rí nìyí.

1. TA NI ẸYẸ NÁÀ GAN-AN?

Tíṣà ọmọ náà ni ó jàre. Kò sí hummingbird ní Áfíríkà rárá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, láti àríwá dé gúúsù rẹ̀ àti àwọn erékùṣù tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀, ni ó ń gbé lóde òní. Ẹyẹ tí ó wá sí ọgbà wa ni Òyìnbó ń pè ní sunbird, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ẹyẹ oòrùn. Àwọn Lárúbáwá náà ń pè é ní ʿuṣfūr ash-shams, ìtumọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, ẹyẹ oòrùn ni a ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ náà yẹ ẹ́, nítorí pé bí oòrùn bá ta sí akọ rẹ̀ lára ni ẹwà rẹ̀ ń yọ. Bí ó bá kúrò nínú oòrùn, ó lè dàbí ẹyẹ dúdú lásán. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé ní Ládìpọ̀ ti rí irú nǹkan yìí rí. Bí epo ẹ́ńjìnnì bá kán sí ojú omi òjò tí ó dúró ní títì, a ó rí àwọ̀ òṣùmàrè lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó da aró sí i. Ìpele epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà tí àwọ̀ fi ń yọ. Bákan náà ni ìyẹ́ ẹyẹ oòrùn ní ìpele tín-ín-tìn-tín nínú, àwọn ìpele wọ̀nyí ni ó sì ń mú kí ìmọ́lẹ̀ yọ àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti àwọ̀ bàbà. Abo kì í sábà ní irú ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá, èyí sì dára fún un, nítorí pé òun ni ó ń jókòó lé ẹyin, kò sì yẹ kí ọ̀tá tètè rí i.

Kì í ṣe irú kan ṣoṣo ni a ní ní ìpínlẹ̀ Èkó. Èyí tí àyà rẹ̀ pupa, tí ikùn rẹ̀ sì dàbí àwọ̀ ewé gbígbẹ, ni èyí tí a rí ní iléèwé wa. Òmíràn wà tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú tí ó ń kọ mọ̀nà bíi bàbà. Òmíràn ní ikùn tí ó pọ́n bí ọsàn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Òmíràn tún wà ní ẹ̀bá ọ̀sà tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan, ara rẹ̀ rí bí àwọ̀ ilẹ̀, akọ àti abo sì jọra. Àwọn tí ó kéré jù nínú wọn wúwo tó gíráàmù 5 péré, bí ìwọ̀n ṣúgà tí ó wọ ṣíbí tíì kan.

2. ÈÉṢE TÍ Ó FI JỌ HUMMINGBIRD?

Nígbà tí bàbá ọmọ náà padà wá, tí mo sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bèèrè pé, "Bí wọn kò bá bá ara wọn tan, báwo ni wọ́n ṣe jọra tó bẹ́ẹ̀?" Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti rí ìdáhùn. Ó ní, "Áà, ó dà bí páàdì bíréèkì nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan ṣe tirẹ̀ ní Jápáànì, òmíràn ṣe tirẹ̀ ní Jámánì. Wọn kò mọ ara wọn rí. Ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni páàdì méjèèjì fẹ́ ṣe, tí wọ́n bá kó wọn síwájú ẹni tí kò mọ ọjà, yóò ní ọ̀kan náà ni."

Àfiwé náà dára púpọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ó mú kí wọ́n jọra. Oyin òdòdó wà ní ìsàlẹ̀ ihò jíjìn. Ẹni tí yóò mu ún gbọ́dọ̀ ní ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ àti ahọ́n gígùn. Láàárín àwọn ẹyẹ àtijọ́ tí ń wá oúnjẹ lára òdòdó, àwọn tí ẹnu wọn bá iṣẹ́ náà mu rí oúnjẹ jẹ ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì bí ọmọ púpọ̀ tí ó jọ wọ́n. Bí èyí ṣe ń lọ láti ìran dé ìran fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ẹnu náà ń gùn, ahọ́n náà sì ń bá òdòdó mu. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn, òun náà ni ó sì ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ ní Áfíríkà àti Éṣíà.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí ìyàtọ̀. Hummingbird lè dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó sì lè fò sẹ́yìn. Ẹyẹ oòrùn lè ràbàbà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ràn ni pé kí ó bà lé ẹ̀ka igi kí ó tó mu. Egungun èjìká wọn kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n wọn.

Kì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan. Ní Australia, àwọn ẹyẹ mìíràn wà tí ń mu oyin òdòdó tí Òyìnbó ń pè ní honeyeater. Ní erékùṣù Hawaii, òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ kan náà ni wọ́n gbà.

3. BÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ ṢE Ń TO Ẹ̀DÁ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé àwọn Òyìnbó nìkan ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé nípa ẹ̀dá ẹlẹ́mìí. Al-Jāḥiẓ ará Basra, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 868, kọ ìwé ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kitāb al-Ḥayawān. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ad-Damīrī ti ilẹ̀ Íjíbítì, tí ó kú ní ọdún 1405, kọ Ḥayāt al-Ḥayawān, ó sì to àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní ìlànà lẹ́tà Lárúbáwá láti orí alif títí dé ìparí. Ètò yìí dára fún ẹni tí ó mọ orúkọ, tí ó sì ń wá ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa ẹni tí ó bá ẹni tan.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí láti inú ẹ̀kọ́ ṣarf. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyí: kātib, maktab, markab. Bí a bá tò wọ́n ní ìlànà lẹ́tà, kātib yóò wà lábẹ́ kāf, maktab àti markab yóò sì jọ wà lábẹ́ mīm. Bí a bá tún fi etí gbọ́ wọn, maktab àti markab ni ó jọra jù, nítorí pé wazn kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti ka ṣarf mọ̀ pé gbòǹgbò kan náà ni kātib àti maktab ti wá, èyí ni kāf, tāʾ, bāʾ, ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ. Gbòǹgbò ti markab yàtọ̀, rāʾ, kāf, bāʾ ni, ọ̀rọ̀ gígun nǹkan. Wazn ni ó mú maktab àti markab jọra. Gbòǹgbò ni ó mú kātib àti maktab jẹ́ ìbátan. Ẹyẹ oòrùn àti hummingbird jọ wà lórí wazn kan, ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn yàtọ̀.

Àṣìṣe tí èmi ṣe yìí, àwọn àgbà onímọ̀ ti ṣe é rí. Carl Linnaeus, ará ilẹ̀ Sweden, ni ó fi ètò orúkọ méjì-méjì tí gbogbo ayé ń lò fún ẹ̀dá lélẹ̀. Ní ọdún 1766, ó fún ẹyẹ oòrùn kan tí wọ́n mú wá láti Senegal ní orúkọ Certhia senegalensis. Irú ẹyẹ náà wà ní Nàìjíríà níbí pẹ̀lú, àyà rẹ̀ pupa fòò. Ṣùgbọ́n Certhia ni orúkọ ẹyẹ kan ní Yúróòpù tí ń gun ara igi, tí ń ṣa kòkòrò jẹ nínú èèpo rẹ̀. Kì í mu oyin òdòdó. Nítorí pé ẹnu méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó sì tẹ̀, Linnaeus kà wọ́n sí ọmọ ojúlé kan náà. Ní ọdún 1825 ni Nicholas Vigors tó fún ẹbí àwọn ẹyẹ oòrùn ní orúkọ tirẹ̀, Nectariniidae, orúkọ tí ó ti ara oyin òdòdó wá.

4. WÀLÁÀ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Báwo wá ni a ṣe ń mọ gbòǹgbò ẹyẹ, nígbà tí ìrísí lè tàn wá jẹ? Nínú ara gbogbo ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ni ohun kan wà tí a ń pè ní DNA. Ó dà bí ìwé tí a kọ ìlànà ara ẹ̀dá náà sí. Bí òbí bá ń bímọ, wọn a da ìwé náà kọ fún ọmọ. Ẹni tí ó bá sì ń da ìwé kọ, bó pẹ́ bó yá, yóò ṣi lẹ́tà kan kọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi wàláà ṣe àfiwé. Ká ní ogún ọmọ kéú da ẹ̀kọ́ kan kọ sára wàláà wọn. Mo wo wàláà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ọmọ mẹ́ta gbàgbé àmì kan náà lórí lẹ́tà kan náà ní ìlà kẹrin. Ẹ ò ní sọ fún mi kí n tó mọ̀ pé àwọn mẹ́ta náà da tiwọn kọ láti ara wàláà ẹnìkan. Bí méjì nínú àwọn mẹ́ta yìí bá tún jọ ṣe àṣìṣe mìíràn ní ìlà keje, èyí tí ẹnì kẹta kò ṣe, mo mọ̀ pé àwọn méjì náà tún súnmọ́ ara wọn ju bí wọ́n ti súnmọ́ ẹnì kẹta lọ. Kò ṣe pàtàkì bóyá ọ̀kan nínú wọn wọ aṣọ funfun, tí èkejì wọ aṣọ aró. Àṣìṣe tí wọ́n jọ ní ni ó sọ ìtàn wọn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi DNA ẹyẹ kan wé ti èkejì. Ìyípadà lẹ́tà tí wọ́n jọ ní ni ó ń fi ẹni tí wọ́n jọ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá hàn.

Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Ìbátan tí ó súnmọ́ hummingbird jù ni ẹyẹ tí Òyìnbó ń pè ní swift, ẹyẹ oníyẹ̀ẹ́ gígùn tí ń fò yí ilé gogoro àti afárá ká ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń pè é ní alápàńdẹ̀dẹ̀ nítorí pé ó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun pẹ̀lú kì í ṣe ẹbí alápàńdẹ̀dẹ̀. Ìrísí tún tan wá jẹ níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti rí egungun ẹyẹ tí ó jọ hummingbird nínú òkúta ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 30 sẹ́yìn. Gerald Mayr ni ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2004. Èyí fi hàn pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ti gbé Yúróòpù rí kí ó tó di ti Amẹ́ríkà nìkan.

Ẹyẹ oòrùn ní tirẹ̀ wà láàárín àwọn ẹyẹ akọrin. Ìbátan rẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù ni àwọn ẹyẹ kékeré kan ní Éṣíà àti Australia tí orúkọ wọn ń jẹ́ flowerpecker, tí wọ́n ń jẹ èso wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn wọn, inú ọ̀wọ́ ńlá kan náà ni òun àti ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ wà. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹyẹ oòrùn tí ó wà lórí òdòdó wa súnmọ́ ẹ̀gà tí ń pariwo lórí igi ọ̀pẹ ju bí ó ti súnmọ́ hummingbird lọ, bí wọn kò tilẹ̀ jọra rárá.

Àwọn onímọ̀ pàápàá kò rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1990, Charles Sibley àti Jon Ahlquist, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi DNA to àwọn ẹyẹ ayé, fi ẹyẹ ìrù gígùn kan ní Gúúsù Áfíríkà, tí ń jẹ́ sugarbird, sínú ẹbí ẹyẹ oòrùn. Nígbà tí ọ̀nà àyẹ̀wò dára sí i, tí a lè ka lẹ́tà DNA lọ́kọ̀ọ̀kan, a rí i pé kì í ṣe ọmọ ilé náà. Àwọn ẹyẹ inú igbó Áfíríkà díẹ̀ tí kò jọ ọ́ ni ẹbí rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sì sí ẹni tí ó bínú.

5. AGBO ILÉ NÁÀ LÓNÌÍ

Bí a bá fi ẹbí Nectariniidae wé agbo ilé Yorùbá, a ó rí ojúlé 16 nínú rẹ̀. Irú ẹyẹ tí ó wà nínú gbogbo ojúlé náà lé ní 140. Wọ́n tàn láti Áfíríkà dé Madagascar, wọ́n gba ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà kọjá, wọ́n sì dé àríwá Australia. Ojúlé kan ní Éṣíà, Arachnothera, ní ẹnu gígùn púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa ṣa aláǹtakùn jẹ.

Ojúlé tí ó kún jù ni Cinnyris, irú tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 50. Inú rẹ̀ ni ẹyẹ ọgbà wa wà, orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Cinnyris chloropygius. Èyí tí ó ń kọ mọ̀nà bíi bàbà ni Cinnyris cupreus. Ojúlé kan ń jẹ́ Cyanomitra, orúkọ Gíríìkì tí ìtumọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ "oníláwàní aláwọ̀ aró", nítorí orí ẹyẹ náà tí ń dán. Òmíràn ń jẹ́ Hedydipna, èyí ni "oúnjẹ dídùn".

Ẹni tí ó bá ka ìwé àtijọ́ yóò rí i pé orúkọ wọn yàtọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1944, Jean Delacour kó ọ̀pọ̀ ojúlé pọ̀ di márùn-ún péré, ó sì fi púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ oòrùn Áfíríkà sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Nectarinia. Nítorí náà, Cinnyris cupreus tòde òní ni Nectarinia cuprea nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 2000. Ẹyẹ náà kò yí padà. Ìmọ̀ wa nípa ìbátan rẹ̀ ni ó yí padà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá rí orúkọ méjì fún ẹyẹ kan, ẹ má rò pé ẹnì kan parọ́. Ẹ wo ọdún tí a tẹ ìwé náà.

6. ÀWỌN ÌBÁTAN TÍ Ó WÀ LÓKÈÈRÈ

Ìtàn méjì péré ni n ó sọ níbí. Èkínní ni ti etí òkun wa. Irú ẹyẹ oòrùn kan wà ní etí òkun àti ọ̀sà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú, tí ń jẹ́ Anabathmis reichenbachii. Àwọn méjì mìíràn tí ó wà ní ojúlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ń gbé ní erékùṣù. Ọ̀kan wà ní São Tomé, èkejì wà ní Príncipe, wọn kò sì sí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti àwọn erékùṣù náà yọ láti ìsàlẹ̀ òkun, wọn kò sì fìgbà kan so mọ́ ilẹ̀ wa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn babańlá ẹyẹ náà la òkun kọjá dé ibẹ̀. Àwọn tí ó dé kò padà mọ́. Wọ́n bímọ, àwọn ọmọ bímọ, ìyípadà ń wọlé díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi di irú ọ̀tọ̀. Ní São Tomé kan náà, ẹyẹ oòrùn kan wà, Dreptes thomensis, tí ó tóbi ju gbogbo ẹyẹ oòrùn ilẹ̀ wa lọ. Ó dúdú, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20.

Ìtàn kejì ni ti ilẹ̀ Palẹsitínì. Ẹyẹ oòrùn kan wà níbẹ̀, Cinnyris osea, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ʿuṣfūr ash-shams al-filasṭīnī. Ní ọdún 2015 ni ìjọba Palẹsitínì fi í ṣe ẹyẹ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹyẹ yìí kan náà wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Lárúbáwá títí dé Yemen, ó sì tún wà ní Áfíríkà, ní agbègbè Sùdáànì. Ojúlé Cinnyris kan náà ni a kà á mọ́ pẹ̀lú ẹyẹ tí ó wà lórí òdòdó wa ní Ládìpọ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí Hijaz, tí ó bá rí ẹyẹ dúdú kékeré kan tí ń dán lórí òdòdó, kí ó kí i bí ọmọ ilé.

7. ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ ÀTI OJÚṢE WA

Ẹyẹ oòrùn kì í jẹun lásán. Bí ó bá ki orí bọ inú òdòdó, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó náà yóò lẹ̀ mọ́ ọn lórí, yóò sì gbé e dé orí òdòdó mìíràn. Bí òdòdó ṣe ń di èso nìyẹn. Nígbà mìíràn ó ń ṣe jìbìtì. Bí òdòdó bá gùn jù fún un, yóò fi ẹnu lu ihò sí ìdí òdòdó náà, yóò mu oyin rẹ̀ láì fọwọ́ kan lẹ́búlẹ́bú. Ẹ wo ìdí òdòdó hibiscus dáadáa, ẹ lè rí ihò bẹ́ẹ̀.

Ìtẹ́ rẹ̀ dà bí àpò kékeré tí a so kọ́ ẹ̀ka igi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sábà máa ń ní àjà kékeré tí kì í jẹ́ kí òjò wọlé. Abo ni ó ń fi koríko àti òwú aláǹtakùn hun ún. Ẹyin méjì ni ó sábà máa ń yé. Oyin nìkan kò tó fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí náà kòkòrò àti aláǹtakùn ni ìyá àti bàbá ń wá fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Mo ti rí àwọn ọmọ wa tí ń fi kànnàkànnà ta ẹyẹ wọ̀nyí, tí wọ́n sì ń já ìtẹ́ wọn ṣeré. Ẹran wo ni ó wà lára ohun tí kò wúwo ju ṣíbí ṣúgà kan lọ? Mo tún rí i pé bí a ti ń da kankéré sí gbogbo àgbàlá ní Mushin, bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ń tán. Ẹ̀yin òbí, ẹsẹ̀ ìbẹ́pẹ kan, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, tàbí òdòdó pupa kan nínú garawa tí ó ti jò, tó láti pè wọ́n wá sí ojú fèrèsé yín.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìmọ̀ ẹyẹ ṣe iṣẹ́, ọ̀nà wà. Ní Jos, ilé ẹ̀kọ́ kan wà lábẹ́ Yunifásítì Jos, A.P. Leventis Ornithological Research Institute, tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹyẹ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ní Èkó níbí, Lekki Conservation Centre wà, níbi tí a lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ láti rí ẹyẹ nínú igbó.

ÌPARÍ

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo padà sí kíláàsì náà. Mo kọ hummingbird sójú pátákó, mo fa igi lé e, mo sì kọ ẹyẹ oòrùn sí abẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé, "Èmi ni mo ṣì í. Tíṣà yín ní iléèwé òwúrọ̀ ni ó tọ̀nà." Kíláàsì náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin tí ó sunkún náà ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè fi bírò pupa fa igi lé tiwa náà?" Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ni ó sì fà á.

Bàbá rẹ̀ rán pátákó tuntun kan sí iléèwé wa lẹ́yìn náà. Òun ni à ń lò títí di òní.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọ bá bi wá ní ohun tí a kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a kò mọ̀, kí a sì lọ wádìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi ìrísí nìkan pe ẹnikẹ́ni ní ìbátan, ẹ má sì fi ìrísí nìkan lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹbí. Kí Ọlọ́run Ọba fi ìmọ̀ tí ó ṣe wá láǹfààní kún ìmọ̀ wa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN Ẹ̀YIN AKẸ́KỌ̀Ọ́

(1) Kí ni ó mú kí ẹyẹ oòrùn àti hummingbird jọra?
(2) Nínú ẹ̀gà àti hummingbird, èwo ni ó súnmọ́ ẹyẹ oòrùn jù? Báwo ni a ṣe mọ̀?
(3) Wá ọ̀rọ̀ Lárúbáwá méjì tí wazn wọn jọra ṣùgbọ́n tí gbòǹgbò wọn yàtọ̀.
(4) Jókòó sí ìdí òdòdó kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní òwúrọ̀. Kọ gbogbo ohun tí o rí sílẹ̀ kí o tó bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.